Aṣeni Inú Ilé, Olóore Ẹ̀yìn Odi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ kí a tó lò ó. Bí ọmọ bá ṣubú lulẹ̀ lójijì, òun ni à ń pa. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, òun náà ni. A ó wo ọ̀tún, a ó wo òsì, a ó sì rí ẹnì kan nínú ẹbí tí òwe náà bá mu. N kò sọ pé irọ́ ni òwe náà ń pa. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni pé òwe yìí ti kọ́ wa dáadáa láti máa wá aṣeni kiri inú ilé, ṣùgbọ́n a kò fi irú ìtara bẹ́ẹ̀ wá olóore wa tí ó wà ní ẹ̀yìn odi. Àìsàn kan tí ó ṣe ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Ìlọrin ni ó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ojú mi fi là, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀, èmi pẹ̀lú sì lọ́wọ́ nínú bí ó ti ṣe bàjẹ́.

Ọmọkùnrin náà kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe, ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Ní ọjọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lo oògùn, ó sàn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn èyí tí ó fi ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń ṣe òun wìnnìwìnnì, bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, mímí pàápàá sì ti di iṣẹ́ fún un. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́ kedere, làákàyè rẹ̀ pé, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ó tẹ nǹkan. Àwọn kan ní àpeta ni. A pe alùfáà, ó fọ hàǹtú fún un mu. A pe oníṣègùn ìbílẹ̀, ó sín gbẹ́rẹ́ sí i lórúnkún méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá balẹ̀ sí ni ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré bàbá rẹ̀. Obìnrin yìí ṣe wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó pa adìyẹ, ó fi se oúnjẹ, ọmọkùnrin náà sì jẹ níbẹ̀. Kí ni a tún ń wá? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n pe obìnrin náà jókòó. Wọn kò nà án, wọn kò bú u. Ìlọrin ni a wà, a mọ bí a ti í fi ohùn tútù sọ ọ̀rọ̀ tí ó korò. Wọ́n kàn ní kí ó tú ohun tí ó dì. Ó búra. Ó sunkún. Nígbà tí ó pẹ́, ó kọjú sí èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tí mo jẹ́ olùkọ́, tí gbogbo ilé gbà pé ó mọ̀wé, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀?" N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò dá a lóhùn. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a tó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi òòlù kékeré kan lu orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ kò ta. Ó bi í léèrè bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì béèrè bóyá inú ti yọ ọ́ lẹ́nu láìpẹ́ yìí. Ó wá sọ fún wa pé àìsàn tí à ń pè ní Guillain-Barré ni òun fura sí. Ará Faransé kan, Landry, ti kọ̀wé nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1859. Ní ọdún 1916, nígbà ogun àgbáyé kìíní, Guillain, Barré àti Strohl ṣe àpèjúwe rẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun Faransé méjì. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ní ọdún 1973, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ògbóǹtarìgì nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Agbebi, ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí àìsàn yìí ti ń yọrí sí lára àwọn ènìyàn wa. Kò wọ́pọ̀. Nínú 100,000 ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ni ó ń ṣe lọ́dún kan.

Ẹ wá gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí níbẹ̀ ni òwe wa ti jáde lọ́nà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á kò rò. Ẹlẹ́dàá fi ẹ̀ṣọ́ sínú ara olúkúlùkù wa. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí yóò wo aṣọ tí ó wọ̀, wọn yóò fi í sọ́kàn, wọn yóò sì máa lé gbogbo ohun tí ó bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Campylobacter, tí ó sábà ń bá ẹran adìyẹ tí kò jinná dáadáa tàbí omi tí kò mọ́ wọ inú ènìyàn. Inú ni ó máa ń dà rú. Ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn kan nínú irú kòkòrò yìí ń wọ̀ fara jọ ohun tí ó bo àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń jíṣẹ́ láàrin ọpọlọ àti ẹran ara. Ẹ̀ṣọ́ ti lé olè jáde tán, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ó pàdé ọmọ onílé nínú òkùnkùn, ó rí i pé aṣọ rẹ̀ jọ ti olè, ó sì gbé kùmọ̀ sókè. Bí àwọn iṣan ajíṣẹ́ bá ti fara gbá kùmọ̀, iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán kò ní dé ẹsẹ̀, kò ní dé ọwọ́, bí ó bá sì le, kò ní dé àyà tí à ń fi mí.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ṣùgbọ́n inú ilé tí ó sún mọ́ni ju agbo ilé lọ ni, inú ara aláìsàn fúnra rẹ̀. Aṣeni ọ̀hún kò sì ní ìkà lọ́kàn. Ààbò ni ó ń ṣe, ó kàn ṣi ènìyàn mú ni. Mo máa ń ronú pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń ṣe fún iṣan rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni agbo ilé rẹ̀ ń ṣe fún obìnrin yẹn. Àwa pẹ̀lú rí ohun tí ó jọ olè, a kò sì dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Ṣé dókítà fúnra rẹ̀ kò sọ pé adìyẹ lè fà á ni? Ṣé kì í ṣe adìyẹ obìnrin náà ni?" Àwọn ará ilé pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ńṣe ni wọ́n ní ìmọ̀ òyìnbó ti jẹ́rìí sí i. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti inú oúnjẹ wòlímọ̀ wá. Ó sì ṣeé ṣe kí ó ti inú omi tí ọmọ náà mu níbi iṣẹ́ wá. Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ gbà pé oúnjẹ náà ni. Ohun tí ó fa nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí ó jẹ̀bi nǹkan. Òjò ni ó fa ẹrẹ̀ tí bàbá àgbà fi yọ̀ ṣubú. Ta ni yóò pe òjò lẹ́jọ́? Kí ènìyàn tó jẹ̀bi, ó ní láti mọ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé ó yẹ kí ó mọ̀, kí ó sì ṣe é síbẹ̀. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: a ní "ó ṣèèṣì", a sì ní "ó mọ̀ọ́mọ̀". Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá wà lórí ẹní, ọ̀rọ̀ kìíní máa ń sá kúrò lẹ́nu wa.

Ìbéèrè tí ó le jù ni èyí tí bàbá ọmọ náà bi mí ní òru ọjọ́ kan lórí àga ilé ìwòsàn. Ó ní, "Gbogbo wa ni a jẹ adìyẹ náà. Kí ló dé tí ó jẹ́ ọmọ tèmi nìkan?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òpè. Ọ̀gbẹ́ni Evans-Pritchard, ará Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1937 nípa àwọn Azande ní apá gúúsù Sudan, sọ pé àwọn náà mọ̀ pé ikán ni ó jẹ òpó àká tí àká fi wó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí àwọn ènìyàn kan pàtó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni ó wó. Àjẹ́ ni wọ́n fi ń dáhùn ìyẹn. Ìmọ̀ ìṣègùn kò ní ìdáhùn tí ó lè tẹ́ bàbá lọ́rùn. Ó kàn lè sọ pé, nínú 1,000 ènìyàn tí kòkòrò yìí bá kọ lù, bóyá ni àìsàn Guillain-Barré fi ń ṣe ju ẹnì kan lọ. Èmi kò mọ ohun tí mo lè sọ fún bàbá náà ju pé kí ó jẹ́ kí ìbéèrè náà wà bẹ́ẹ̀ láìní ìdáhùn. Ó ṣòro, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fara da ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn yóò fi ènìyàn dí àyè ìdáhùn náà, ènìyàn tí yóò sì fi dí i kì í sábà jẹ́ alágbára ilé. Aláìní alátìlẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìtọ́jú. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, tí a fi èròjà tí kò ní jẹ́ kí ó dì sí i, tí a sì gbé e kalẹ̀, yóò ṣe bí ògì. Èyí tí ó pupa yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìyeyè yóò sì tòrò sókè. Omi yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní plásímà, ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tí mo sọ ń gbé. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà fi omi ẹ̀jẹ̀ wo àìsàn yìí. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ẹ̀rọ máa fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kí ó ya omi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ aṣìnà wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì dá èyí tí ó pupa padà sára pẹ̀lú omi mìíràn tí ó mọ́. Ní ọdún 1976 ni àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù ti lò ó fún myasthenia gravis, àìsàn mìíràn tí ẹ̀ṣọ́ ara ń fà, tí ń mú kí ìpéǹpéjú wọ́ sílẹ̀ tí ara sì ń tètè rẹ ènìyàn. Ní ọdún 1985, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti Àríwá fi hàn pé ó wúlò fún Guillain-Barré. Ọ̀nà kejì ni pé kí a kó àwọn ẹ̀ṣọ́ rere láti inú omi ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá, kí a fà wọ́n sínú aláìsàn láti ojú iṣan fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ó ti rí nígbà tí ọ̀pọ̀ èrò bá dá sí ìjà ni, àwọn oníjà yóò rọlẹ̀. Àwọn ará Hóláǹdì fi ìwúlò èyí hàn ní ọdún 1992. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 1997 sì fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì kò ju ara wọn lọ.

Ọ̀nà kejì ni a bá lọ. Ọ̀rẹ́ mi ta ilẹ̀ tí ó fẹ́ fi kọ́lé, oògùn náà sì ti Èkó dé nínú páálí tí wọ́n fi yìnyín yí ká. Nígbà tí mo ka ìwé tí ó wà nínú páálí náà, mo rí i pé ara omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni a ti yọ ọ́. Mo fara balẹ̀ ṣe ìṣirò. Ọmọ náà wọn 60 kílò. Ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i jẹ́ 24 gíráàmù lójúmọ́, èyí já sí 120 gíráàmù ní ọjọ́ márùn-ún. Lítà kan omi ẹ̀jẹ̀ kì í mú ju nǹkan bí 4 gíráàmù wá, nítorí náà yóò gba 30 lítà. Omi tí ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnì kan ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ju ìdá mẹ́rin lítà lọ. Bí a bá dá a lé irú ìfisílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 120 ènìyàn ni yóò dìde lórí ìjókòó kí ọmọ kan ṣoṣo tó lè tún ẹsẹ̀ gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé a kì í fi ti ènìyàn díẹ̀ ṣe é. Ó kéré tán, omi ẹ̀jẹ̀ 1,000 ènìyàn ni a ń pò pọ̀ nínú agbada kan kí àwọn ẹ̀ṣọ́ oríṣiríṣi lè pé. Láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti na apá sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí oògùn yóò jáde, ó ń gba oṣù méje sí méjìlá. Èyí túmọ̀ sí pé kí ọmọ náà tó ṣàìsàn rárá ni àwọn tí yóò gbà á ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Ta ni wọ́n? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti tún le. Amẹ́ríkà ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń ṣe oògùn lágbàáyé ti ń wá. Níbẹ̀, òfin gbà kí ènìyàn gba owó fún un, kí ó sì ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ jẹ́ ẹni tí owó ilé tàbí owó ìwé ń lépa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Titmuss ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ìwé kan ní ọdún 1970 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Gift Relationship. Ó jà fún un pé kò yẹ kí a máa ta ẹ̀jẹ̀, pé èyí tí a fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni kò léwu, òun ni ó sì ń so àwùjọ pọ̀. Ní ọdún 1975, Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti gbé ètò ẹ̀jẹ̀ wọn ka ìfisílẹ̀ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí àrùn màlúù tí ń ya wèrè kó jìnnìjìnnì bá Britain, orílẹ̀-èdè Titmuss fúnra rẹ̀ dáwọ́ lílo omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ dúró ní òpin ọdún 1990 sí 1999, ó sì ń ra ti àwọn ẹlòmíràn. Ọdún 2021 ni wọ́n tó yí òfin náà padà. Ayé kò rọrùn fún ẹni tí ó ní ìlànà rere.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé a jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní gbèsè, ó ní, "Gbèsè kẹ̀? Ilẹ̀ mi ni mo tà. Àwọn náà gba owó wọn." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí, n kò sì fẹ́ fojú di í. Ẹni tí ó ta ọjà tí ó gbowó, kí ni ó tún kù tí a jẹ ẹ́? Mo rò ó títí, ó wá yé mi pé àṣà wa ti dáhùn tipẹ́. Ẹni tí ń dirun, a ó san owó rẹ̀, síbẹ̀ bí a bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, a ó ní, "Ojúgbooro o." A ó kí aláró pé, "Àrẹ̀dú o," bẹ́ẹ̀ ni kò ní ba aṣọ wa láró lọ́fẹ̀ẹ́. A ó na owó sí ìyá ọlọ́jà, a ó tún ní, "Ajé á wọ igbá." Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí a mọ̀ tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé owó ń san iye tí nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n kò san ti ènìyàn tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí a bá ń kí ẹni tí ó dirun fún wa, báwo ni a kò ṣe ní kí ẹni tí ó na apá rẹ̀ sílẹ̀ tí omi ara rẹ̀ fi di ẹsẹ̀ ọmọ wa? Bí òṣì ni ó sì gbé e lọ síbẹ̀, ìkíni tí ó tọ́ sí i pọ̀ sí i ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ̀, tí kò mọ̀ wá, báwo ni a ó ti kí i? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo rí: kí a ṣe fún àjèjì tí ó wà nítòsí wa ohun tí àjèjì tí ó jìnnà ṣe fún wa. Ojú sì ń tì mí láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Bí a ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tí à ń dúró de páálí láti Èkó, ọkùnrin kan dé tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Wọ́n ti ní kí ó wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ń bẹ àwọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́sàn-án ni a wà níbẹ̀ láti agbo ilé ọ̀rẹ́ mi, ọ̀dọ́ àti àgbà. Ẹnì kan ní òun kò tíì jẹun. Ẹnì kan ní a kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe láyé tí a wà yìí. Èmi ní tèmi ṣí ìwé ìròyìn. Kì í ṣe ẹbí wa. Ọkùnrin náà kọjá lọ, n kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yọrí sí. Àwa tí à ń retí ẹ̀jẹ̀ 1,000 àlejò kò rí ti ẹnì kan yọ̀ǹda.

Bí a ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹbí ni à ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún, tàbí kí ẹbí fi dípò èyí tí wọ́n lò. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ètò ìfàjẹ̀sínilára sílẹ̀ ní ọdún 2005, òfin tí ó fún un lágbára sí i sì jáde ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n òfin kò lè rọ ènìyàn lórí ìjókòó. Nílẹ̀ Áfíríkà, South Africa ní ilé-iṣẹ́ tí ń sọ omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìlú di oògùn, ní Pinetown lẹ́bàá Durban. Bí àwọn mìíràn bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọn yóò kọ́kọ́ wá, bí kò ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí yóò máa wá déédéé láìjẹ́ pé ọmọ wọn ni ó ń ṣàìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òtòṣì kò lè ṣe nǹkan kan. Ní Bangladesh, níbi tí oògùn yìí ti wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ lọ, àwọn oníṣègùn ronú kan ọ̀nà kan: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú àpò, wọ́n gbé e kọ́ lẹ́bàá ibùsùn kí ó tòrò bí ògì, wọ́n da omi rẹ̀ nù, wọ́n sì dá èyí tí ó pupa padà sí i lára, láìsí ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n dán an wò lára ogún aláìsàn, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2018.

Ìlọrin ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ti rọrùn jù. Ìlú wo ni àjèjì kọ́ bí tiwa? Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé, Bàrùbá àti Kànúrí ni ó pàdé nídìí òkúta tí a ń lọ irin. Agbo ilé tí ń pe ara rẹ̀ ní onílùú lónìí, àlejò ni baba ńlá rẹ̀, ẹnì kan ni ó sì gbà á sílé láìbèèrè ìran rẹ̀. A ń ṣe sàráà fún ẹni tí a kò mọ̀, a ń gbé oúnjẹ síta fún aláàárù àti arìnrìn-àjò nígbà ààwẹ̀. Ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú oúnjẹ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ náà gbádùn. Ó fi oṣù mẹ́rin lo ọ̀pá, ó sì ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ̀rọ ní láti bá mí, àwọn mìíràn sì ń kú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé òun gbọ́ ìbúra Ìyá Kékeré láti orí ẹní, pé òun fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbé e. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fẹ́ sọ. Èmi tí mo lè sọ wo ilẹ̀.

Èmi àti ọmọ náà ni a jọ lọ sí ilé bàbá obìnrin náà. Ó gbé omi fún wa. Ó yẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà wò títí, ó ní kí ó rìn kí òun rí i, ó sì gbàdúrà fún un. Mo tọrọ àforíjì, ó ní òun ti gbọ́. Kò padà sílé ọkọ rẹ̀, n kò sì lè sọ pé ó yẹ kí ó padà. Ẹyin ni ohùn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ béèrè ọjọ́ orí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ti kọjá rẹ̀. Ẹ bá wa rán àwọn ọmọ yín wá." Méjì nínú àwọn ọmọ mi ti lọ. Ọmọ obìnrin náà, ẹni tí a ṣe wòlímọ̀ fún, ti di géńdé báyìí. Òun pẹ̀lú ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sì sí ẹni tí ó rán an.